Oyin Ọ̀pẹ Tó So Mí Mọ́ Rusaifah

Rusaifah, Mẹ́kà
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ Kérésì. Etí yín ńkọ́? Bánkẹ́ ní ẹ ti kọ fóònù sílẹ̀ pátápátá, pé bí òun bá gbé e sí yín létí, ẹ kàn máa ń pariwo "Ta nìyẹn?" títí ìpè á fi já. Kò burú. Màá máa kọ̀wé, àbúrò mi á máa fi hàn yín lórí wasáàpù rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ máa kọ tiyín sórí ìwé, kó máa yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ ni mo bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Igi dàbínù kan, ọ̀pẹ ilẹ̀ ibí, wà lẹ́yìnkùlé ilé Màmá Muath, ìyá àgbà tí mo ń bá tọ́jú ilé àti ọgbà láti bí ọdún mẹ́jọ. Akọ ni igi náà, kò so rí. Muath, ọmọ ìyá yìí, fẹ́ gé e kó lè ráyè gbé ọkọ̀ kejì sí. Ìyá ò gbà, torí ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló gbìn ín. Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà lórí mi níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ni ẹnu mi bá yọ. Mo ní igi yìí ṣì wúlò, pé a lè gba omi dídùn lára rẹ̀, ká sè é títí yóò fi ki bí oyin. Èyí tí ìyá yín máa ń sè fún wa nígbà tí ikọ́ bá ń ṣe wá ni mo rántí. Muath bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dán an wò kí òtútù tó lọ, bí kò bá bọ́ sí i, òun á gé igi òun.

Bàbá, mo ti gbàgbé gbogbo ẹ̀. Níbo lára ọ̀pẹ ni ẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa dá a tí kò fi ní kú, tí omi rẹ̀ kò sì ní kan? Ẹ mọ ìlú tí mo wà. Bí ó bá fi lè kan pẹ́nrẹ́n níhìn-ín, mo gbé.

Ọmọ yín,
Habeebullah


Apòmù
Ogúnjọ́ oṣù Kejìlá, 2024

Àlàájì Habíbù,

Ṣé dáadáa lo wà? Èmi ni bàbá rẹ, adẹ́mu, ẹni tí o kọ̀ láti bá gun ọ̀pẹ mọ́ nígbà tí o kéú tán, tí o ní òórùn rẹ̀ ń bá ọ dé mọ́sálásí. Mo ka ìwé rẹ, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ní Mẹ́kà! Nínú gbogbo ayé, Mẹ́kà lo dé kí o tó rántí iṣẹ́ bàbá rẹ. Ìyá rẹ tó sọ ọ́ ní Habeebullah ìbá wà láyé kó wá gbọ́ èyí.

Ó dáa, fetí sílẹ̀. Má gé ọ̀pẹ náà lórí. Ẹni tó bá gé e lórí ti pa á, èmi ò sì pa ọ̀pẹ kan rí láyé mi. Ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ ni kí o lọ. Gé imọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kúrò, kí o fá ara rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí funfun inú rẹ̀ á fi yọ. Fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi márùn-ún, kí o tún fá a. Bó bá ti ń sunkún, ki ọparun kékeré bọ̀ ọ́, so agbè rẹ mọ́ ọn. Fi í síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, jẹ́ kó sinmi ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ agbè gan-an ló ṣòro. Èmi kì í fọ tèmi mọ́ tónítóní. Mo máa ń ṣẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná kù sísàlẹ̀ rẹ̀, òun ló ń mú ẹmu le kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ìwọ ṣe òdìkejì. Fi omi gbígbóná fọ tìrẹ lójoojúmọ́, kí o sì yan án lórí èéfín títí inú rẹ̀ á fi gbẹ. Omi tí o bá sọ̀ láàárọ̀, sè é láàárọ̀, má jẹ́ kó dúró de oúnjẹ tàbí ìrun. Ìkòkò mẹ́wàá ló ń di ẹyọ kan, nítorí náà fara balẹ̀ nídìí iná.

O ò sọ ìgbà tí ò ń bọ̀ wálé. Ọdún mẹ́jọ, Habíbù. Eyín mi tí mo fi ń jẹran nígbà tí o lọ, méjì péré ló kù.

Bàbá rẹ,
Samuel Ìbíkúnlé


Rusaifah, Mẹ́kà
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kìíní, 2025

Bàbá mi,

Ó bọ́ sí i! Háà, ó bọ́ sí i! Kò sí igbà níbí, okùn tí Muath fi ń wọ́ ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ ni mo fi gun igi. Kò sí agbè, kéègì omi samsam ni mo so mọ́ ọn. Ọjọ́ méje ni igi fi yínmú sí mi, kò sun nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹjọ mo gòkè, mo bá kéègì tó wúwo lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ fún ayọ̀.

Mo sè é lẹ́yìn ilé títí ojú mi fi pọ́n. Nígbà tó di pupa tó ń fà, mo bu díẹ̀ sínú àwo fún Màmá Muath pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó tọ́ ọ wò, ó dijú. Ó wá ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, òun ò tíì jẹ ohun tó dùn mọ́ òun tó báyìí. Rawan, ọmọ Muath obìnrin, fi ìka lá àwo náà. Muath ò dárúkọ gígé igi mọ́.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ o. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo sọ kéègì kalẹ̀ mo ní kí n lọ kírun ná ní Mọ́sálásí Ńlá, ni ọkọ̀ bá há mọ́ra lójú ọ̀nà. Kí n tó padà dé, oòrùn ti kúrò ní àtàrí. Kéègì ti ń hó, ó ti ń ta ìfófòó sórí sìmẹ́ńtì. Bàbá, òórùn yín ni. Òórùn ahéré yín lódindi, ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Mẹ́kà. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Rawan jáde, ó di imú, ó ní kí nìyí? Mo ní ọtí kíkan tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ni. Ó wọlé. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo da gbogbo rẹ̀ sínú kòtò, mo fọ kéègì lẹ́ẹ̀mẹfà.

Mo fi ìgò kan rán Àlàájà Raheemat tó wá ṣe Úmúrà láti ọ̀dọ̀ yín. Ẹ tọ́ ọ wò.

Ọmọ yín,
Habeebullah


Apòmù
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 2025

Habíbù ọmọ mi,

Oyin rẹ dé. O jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jóná díẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n o gbìyànjú. Mo fi jẹ iṣu. Mo gbé ìgò náà káàkiri àdúgbò, mo ní ọmọ mi ló sè é ní Mẹ́kà. Wọ́n ní mò ń purọ́.

Àlàájà Raheemat ròyìn rẹ. Ó ní o ti sanra, ó ní yàrá rẹ mọ́ tónítóní, pé ìyá ilé náà ń pè ọ́ ní ọmọ òun. Ó ní òun fi fọ́tò mi hàn án lórí fóònù, òun ní, "Bàbá Habíbù nìyí." Ó ní ìyá náà wò ó títí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣàdúrà, ó sì fi pa ojú. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Kí ẹni ńlá báyẹn jókòó sí Mẹ́kà kó máa ṣàdúrà fún adẹ́mu Apòmù! Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n Raheemat tún ní nígbà tí òun bi ọ́ nípa ilé, o yí ọ̀rọ̀ padà. Kí ló dé? Àjíǹde ń bọ̀ ní oṣù Kẹrin. Wá lo ọ̀sẹ̀ méjì péré. Mi ò ní kí o kó nǹkan kan wá.

Bàbá rẹ


Rusaifah, Mẹ́kà
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 2025

Bàbá mi,

Ẹ forí jì mí pé ó pẹ́. Ààwẹ̀ la wà, iṣẹ́ sì pọ̀. Àjíǹde kò ní ṣeé ṣe. Màmá ní kí n jẹ́ kí Ìtúnu kọjá, Muath ní kí n jẹ́ kí Háàjì kọjá. Wọ́n fẹ́ràn mi ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá fún àdúrà yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe.

Ara mi le. Ẹ má ṣe ìyọnu.

Habeebullah


Apòmù
Ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹrin, 2025

Habeebullah,

Mo jábọ́. Mi ò fẹ́ kọ ọ́, Bánkẹ́ ló ní bí mi ò bá kọ ọ́, òun á kọ ọ́. Igbà já lọ́wọ́ òkè, mo fi ìbàdí sọlẹ̀. O fẹ́ bi mí pé kí ni arúgbó ẹni ọdún márùn-dín-lọ́gọ́rin ń wá lórí ọ̀pẹ. Ta ni ì bá gùn ún? Ta ló wà ńlé?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti sùn kọjú sí ògiri kan náà. Mo ti ka gbogbo ihò tí kòkòrò lu síbẹ̀. Bánkẹ́ ló ń yí mi padà bí ẹni yí iṣu lórí ààrò. Oníwòsàn ní mo lè rìn, ó tún ní mo lè má rìn, kò mọ èyí tó fẹ́ sọ.

"Wọ́n fẹ́ràn mi ni." Ìyẹn lo kọ. Ṣé èmi ò fẹ́ràn rẹ ni? Ṣé o ti rí ìyá, o ò nílò bàbá mọ́? Èmi ni mo kọ́ ọ ní oyin tí o fi di ààyò ẹlòmíràn. Mo fẹ́ fojú kàn ọ́ kí n tó kú, Habíbù. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo fẹ́. Bí ojú mi bá ń tì ọ́, sọ fún mi kí n mọ̀.

Bàbá rẹ


Al-Balad, Jẹ́ddà
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kọ ìwé yìí. Muath rán mi wá sí Jẹ́ddà láti ra nǹkan, mo wọ ilé tíì kan ní Al-Balad torí mi ò lè kọ ọ́ nínú ilé yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ìjáde láàárín ọdún mẹ́ta. Muath ni kafíìlì mi, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé iṣẹ́ mi, páásípọ̀ọ̀tù mi wà nínú àpótí irin rẹ̀. Láìsí pé ó fọwọ́ sí i, mi ò lè kúrò nílùú yìí. Nígbà Háàjì, ó kó mi lọ sí Mínà láti máa fọ ìkòkò fún àwọn tó ń dáná fún àlejò. A padà dé, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n lọ bi ìyá òun. Mo lọ bi ìyá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ta lo tún ní níbẹ̀? Àbúrò rẹ ti ní ọkọ. Èmi ni ìyá rẹ. Ta ni yóò se oyin ọ̀pẹ fún mi nígbà òtútù?" Bó ṣe ń rí nìyẹn. Kò fìyà jẹ mí rí, kò pariwo mọ́ mi rí. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Bàbá, ẹ ti ń bi ara yín pé ṣé kò mọ̀ pé mo ní bàbá ni.

Kò mọ̀. Èmi ni mo sọ fún un pé ẹ ti kú.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni bàbá mi ń ṣe. Mo la ẹnu, ẹmu ló wà níbẹ̀. Mo rò ó pé nínú ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ ìpè ìrun láti ìhà mẹ́rin, kí n ní bàbá mi ń dá ẹmu, pé ọmọ ìjọ sì ni? Àyà mi já pé wọ́n á lé mi kí n tó tú ẹrù. Mo ní, "Ó ti kú." Ó gbé ọwọ́ sókè, ó tọrọ àánú Ọlọ́run fún yín. Torí pé mo jẹ́ ọmọ òrukàn ló ṣe fún mi ní yàrá tó dáa. Lójoojúmọ́ ni mo ń rò ó pé màá tún ọ̀rọ̀ náà sọ, lójoojúmọ́ ló sì ń le sí i. Mo ní ìyá àgbà mi ló kọ́ mi ní oyin.

Àdúrà tó ṣe sórí fọ́tò yín, àdúrà òkú ni. Ẹ ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dúpẹ́.

Ẹ gbà mí. Mi ò mọ ibi tí màá gbà jáde.

Habíbù


Apòmù
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Èmi Bánkẹ́ ni. Ẹ má bínú pé ẹ ò rí èsì. Bàbá ka ìwé yín lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dá fóònù padà sí mi lọ́wọ́, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Láti ìgbà náà wọn kì í dárúkọ yín. Bí mo bá dárúkọ yín, wọ́n á ní etí àwọn ò gbọ́. Wọ́n ti ń jókòó díẹ̀díẹ̀ báyìí.

Ohun tí ẹ ṣe yìí burú, ẹ̀gbọ́n mi. Ó burú gan-an ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní dá kún un.

Bánkẹ́


Apòmù
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá, 2025

Habeebullah,

Òkú ló ń kọ̀wé sí ọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ ìwé yìí. Bánkẹ́ fa mẹ́ta ya torí pé èpè ló wà nínú méjì. Ẹ̀kẹta, mo ní kí o má fọ kéègì rẹ mọ́. Mo ní kí o ṣẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kù sísàlẹ̀ bí tèmi, kó kan, kó hó, kí Muath gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á lé ọ wálé lọ́gán. Bánkẹ́ ní ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa kọ́kọ́ jù ọ́ sí. Nítorí náà, má ṣe é. Máa fọ kéègì rẹ.

Ẹmu yẹn ló rán ọ níléèwé. Òun ló rà ọ́ ní jálámíà tí o wọ̀ lọ́jọ́ tí o wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá rẹ kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbè mi fún ọgbọ̀n ọdún, ojoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kò sì sọ fún ẹnì kan rí pé ọkọ òun ti kú. Kí ni mo fi ṣe ọ́? Mo béèrè lọ́wọ́ ògiri yìí fún oṣù mẹ́rin, kò dá mi lóhùn.

Mo bínú títí ó sú mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń rí ọ, ọmọdé kan pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, nílé onílé, tí àyà rẹ̀ ń já. Àánú rẹ ṣe mí. Mi ò fẹ́ kó ṣe mí, ó ṣe mí.

Ohun tí màá sọ nìyí. Lọ bá ìyá náà. Sọ fún un pé mo wà láàyè. Sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe, sọ ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ, má yọ ìkankan sílẹ̀. Ìyá tó ń ṣàánú ọmọ òrukàn, jẹ́ kó gbọ́ pé bàbá ọmọ náà wà lórí ẹní tó ń dúró. Bó bá lé ọ, ilé lo ń bọ̀ náà nìyẹn. Bó bá fi ọ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, Ọlọ́run á gbà wá.

Bí o kò bá lè sọ ọ́, má kọ̀wé sí mi mọ́. Òkú kì í kàwé.

Samuel Ìbíkúnlé


Al-Balad, Jẹ́ddà
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kìíní, 2026

Bàbá mi,

Mo ti sọ ọ́.

Oṣù Kejìlá ni òtútù dé, Màmá ní kí n gun igi. Mo fá a, mo sè é, mo gbé ìgò àkọ́kọ́ fún un láàárọ̀. Rawan wà níbẹ̀. Màmá ti ki búrẹ́dì bọ inú rẹ̀ nígbà tí mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi wà láàyè. Mo purọ́ fún yín." Mo ní ọ̀pẹ ló ń dá, pé nílùú wa wọ́n máa ń jẹ́ kí omi rẹ̀ kan, wọn á tà á fún mímu. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Mo ní òun ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tó wà nínú àwo yẹn, nínú ìwé, láti orí ẹní àárẹ̀... rárá, ara yín ṣì le nígbà náà, n kò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ mọ́.

Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Èyí tí mo jẹ, ó kan rí?" Mo búra pé rárá. Ó dé ìgò náà, ó fọwọ́ ti ògiri dìde, ó wọlé.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Rawan ló ń gbé oúnjẹ mi sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ tó bá dúró níta, mo ní àwọn ọlọ́pàá ti dé. Mo di ẹrù mi, mo jókòó tì í, mi ò lè jáde, mi ò lè sùn.

Ní ọjọ́ kejìlá Muath wọlé. Ó ju páásípọ̀ọ̀tù mi sórí ibùsùn pẹ̀lú ìwé ìjáde. Èyí tí kò ní àpadàbọ̀ ni. Ó ní, "Ìyá ló ní." Kò wo ojú mi. Adam, ẹni tuntun tí wọ́n gbà sí ọgbà, tẹ̀ lé mi dé ìdí igi, ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe oyin náà. Mo ní mo ti gbàgbé. Mo ní kó kàn ṣèlérí fún mi pé bí wọ́n bá bi í léèrè bàbá rẹ̀, kó sọ òótọ́.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn Màmá láti dágbére. Kò ṣí i. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Fún ọdún mẹ́sàn-án, gbogbo Jímọ̀, ni mo ń tọrọ àánú fún bàbá rẹ láàárín àwọn òkú. Sọ fún un pé kó forí jì mí. Sọ fún un pé kó má da àdúrà náà nù, kó tọ́jú rẹ̀, torí yóò wúlò fún un lọ́jọ́ kan." Mo ní, èmi ńkọ́, Màmá? Ó ní, "Lọ bẹ òun ná."

Ọkọ̀ òfuurufú mi máa gbéra ní Jẹ́ddà ní Ọjọ́bọ̀. Mi ò mú oyin kankan dání. Mò ń bọ̀, Bàbá mi.

Habíbù


Apòmù
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní, 2026

Habíbù,

Mo ti gbọ́ ohun tí ìyá náà wí. Mo forí jì í, mo sì ti kó àdúrà rẹ̀ pamọ́. Kò sí ẹni tó bá mi tọ́jú nǹkan fún ọdún mẹ́sàn-án rí. Tìrẹ, a ó jọ sọ ọ́ lójúkojú, mo ṣì ní ọ̀rọ̀ kún ikùn.

Bánkẹ́ yóò gbé mi jókòó síta ní Ọjọ́ Ẹtì láti àárọ̀. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, wọn ò ní dá ọ mọ̀ mọ́, wọ́n á bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Dá wọn lóhùn sókè, kí o sì fi iṣẹ́ mi kún un. Etí mi ò dáa, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ láti ibí.

Bàbá rẹ,
Samuel Ìbíkúnlé, adẹ́mu